Kọ̀ǹpútà Inú Kọ̀ǹpútà àti Wi-Fi: Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Náwó

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kan ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ọ. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ yìí ní ìrọ̀lẹ́, ẹjọ́ kan ni wọ́n ń gbé tọ̀ mí wá jù: “Tíṣà, kọ̀ǹpútà mi ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nínú rẹ̀ kò rí i.” Ọmọ kan tilẹ̀ wà tí atúnṣe kan sọ fún pé Wi-Fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kú, kí ìyá rẹ̀ lọ wá owó òmíràn. Èlùbọ́ ni obìnrin náà ń tà. Nígbà tí a yẹ kọ̀ǹpútà náà wò, kò ní àrùn kankan. Ohun kan ṣoṣo ni a yí padà nínú rẹ̀, a kò sì ná kọ́bọ̀. Nítorí irú èyí ni mo ṣe fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo ènìyàn.

Kí ni kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà? Òyìnbó ń pè é ní virtual machine. Ètò kan bíi VirtualBox tàbí VMware ni a ń fi sínú kọ̀ǹpútà. Yóò bu díẹ̀ nínú agbára rẹ̀, yóò sì fi ṣe kọ̀ǹpútà mìíràn tí a kò lè fọwọ́ kàn. Ọmọ tí ó ní Windows lè fi Linux kọ́ṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá bà á jẹ́, yóò pa á rẹ́, yóò sì ṣe òmíràn, láìfara kan kọ̀ǹpútà gidi. Báyìí ni ọmọ tálákà ṣe lè fi kọ̀ǹpútà kan kọ́ iṣẹ́ tí ìbá fi mẹ́ta kọ́. Kọ̀ǹpútà gidi ni n ó máa pè ní onílé. Èyí tí ó wà nínú rẹ̀ ni n ó máa pè ní àlejò.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé àlejò kì í rí Wi-Fi. Bí onílé tilẹ̀ ń lo Wi-Fi, wáyà ni àlejò rò pé òun ń lò. Nítorí náà, ẹ má ṣe máa wá àmì Wi-Fi kiri nínú rẹ̀.

Ohun kejì ni ó ń fa wàhálà jù. Ọ̀nà méjì tí a sábà máa ń gbà fún àlejò ní íntánẹ́ẹ̀tì ni Bridged, èyí tí í ṣe afárá, àti NAT. Lórí afárá, àlejò ń dá jáde lọ bá rúútà fúnra rẹ̀ bí ẹni pé kọ̀ǹpútà mìíràn ni nínú ilé. Bí wáyà ni onílé ń lò, èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n Wi-Fi ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 1997 tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé ìlànà rẹ̀, 802.11, jáde. Gbogbo ẹ̀rọ tí ó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ló ní orúkọ kan tí ó dà bí orúkọ àmútọ̀runwá, MAC address ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí onílé fi password wọlé, orúkọ onílé ni rúútà kọ sílẹ̀. Bí àlejò bá wá fi orúkọ tirẹ̀ ránṣẹ́, rúútà kò mọ̀ ọ́n rí, kò sì ní dá a lóhùn. VirtualBox máa ń gbìyànjú láti fi orúkọ onílé bo ti àlejò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ Wi-Fi ni èyí ń bá lára mu. Ẹ rí i báyìí pé kò sí ohun tí ó kú. Òfin ni ó dí ọ̀nà.

NAT kò bá òfin náà jà. Àlejò yóò fa iṣẹ́ rẹ̀ lé onílé lọ́wọ́. Onílé yóò fi orúkọ ara rẹ̀ rán an, yóò sì kọ ẹni tí ó ni ín sílẹ̀. Nígbà tí èsì bá dé, yóò dá a padà fún àlejò. Ọdún 1994 ni wọ́n gbé ọgbọ́n yìí jáde nítorí pé àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ tán láyé. Rúútà ilé yín pàápàá ń lò ó.

Bí a ṣe ń yí i padà nínú VirtualBox nìyí. Ẹ pa àlejò. Ẹ ṣí Settings rẹ̀, ẹ lọ sí Network. Níbi tí wọ́n kọ Attached to sí, ẹ yan NAT. Ẹ rí i dájú pé àmì wà níwájú Cable Connected, kí ẹ sì tan àlejò padà.

Bí ó bá tún kọ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin, ní títẹ̀léra, kí ẹ má sì fo ọ̀kan.

Ìkíní: Ǹjẹ́ onílé fúnra rẹ̀ ń rí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ ṣí ojú-ewé tí ẹ kò ṣí rí nínú rẹ̀. Dátà lè ti tán.

Ìkejì: Ǹjẹ́ àlejò ní àdírẹ́sì? Nínú Windows, ẹ kọ ipconfig. Nínú Linux, ẹ kọ ip a. Lábẹ́ NAT ti VirtualBox, 10.0.2.15 ni ẹ ó sábà rí. Bí ẹ bá rí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, a jẹ́ pé àlejò bèèrè àdírẹ́sì títí, kò rí ẹni fún un, ó sì fún ara rẹ̀. Ẹ padà lọ wo NAT àti Cable Connected.

Ìkẹta: Ǹjẹ́ ó lè jáde? Ẹ kọ ping 10.0.2.2, tí í ṣe ẹnu-ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ping 8.8.8.8, tí í ṣe ti Google. Bí ẹnu-ọ̀nà bá dáhùn tí èkejì kò dáhùn, ọ̀dọ̀ onílé ni kí ẹ ti wá a, pàápàá firewall rẹ̀.

Ìkẹrin: Ǹjẹ́ ó mọ orúkọ? Ẹ kọ ping google.com. Bí nọ́ńbà bá dáhùn tí orúkọ kò dáhùn, ọ̀nà dára. DNS, ìwé tí a fi ń yí orúkọ padà sí nọ́ńbà, ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ fi 8.8.8.8 tàbí 1.1.1.1 ṣe DNS àlejò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ dátà yín. Nítorí pé wáyà ni àlejò rò pé òun ń lò, kò mọ̀ pé hotspot fóònù ni, kò sì mọ̀ pé owó ni ẹ fi rà á. Bí Windows ni àlejò, ó lè máa fa àwọn àtúnṣe ńláńlá wọlé títí dátà yóò fi tán. Ẹ lọ sí Settings Windows inú àlejò, níbi Ethernet, kí ẹ tan Metered connection.

NAT ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹlòmíràn nínú ilé kò lè déédéé wọ inú àlejò láti ìta. Bí iṣẹ́ yín bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lo Port Forwarding, kí ẹni tí ó bá kan ilẹ̀kùn 8080 lára onílé lè dé ilẹ̀kùn 80 lára àlejò. Bí ẹ bá ní wáyà tí ó lọ tààrà sínú rúútà, ẹ lè lo afárá láìbẹ̀rù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ ìbéèrè mẹ́rin yìí sórí páálí, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin òbí, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó wá, ẹ bi í pé èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó kùnà. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ ká owó yín mọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.