Ẹ Fún Màmá Nílẹ̀ Díẹ̀ Kí Wọ́n Gbin Nǹkan

Nígbà tí ìwé yìí bá fi máa tẹ̀ yín lọ́wọ́, aago yóò ti sún síwájú ní wákàtí kan. Ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta ni wọ́n ń ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ọdún 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ni ìjọba kọ́kọ́ dá àṣà náà sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ àwọn tó máa ń wọ ilé ìjọsìn lọ́jọ́ náà nígbà tí ìwàásù ti ń parí lọ, tí wọ́n á ní aago ló dá wọn dúró. (Ohun tó ń dá wọn dúró ní àwọn ọjọ́ Ìsinmi yòókù, a kì í bèèrè.) Bó ti wù kó rí, ìgbà ìrúwé ti dé. Ilẹ̀ kì í tètè ṣú mọ́, òdòdó daffodil ti yọ lẹ́bàá títì, ẹyẹ sì ti ń ké kí aago márùn-ún àárọ̀ tó lù.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹnì kan wà tí ìmọ́lẹ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ju ẹnikẹ́ni lọ, òun la sì sábà máa ń gbàgbé. Màmá ni, tàbí Bàbá, tí wọ́n wá láti ilé nítorí ọmọ tuntun, tàbí tí wọ́n ti wá bá wa gbé pátápátá. Láti ìgbà tí òtútù ti dé ni wọ́n ti ń wo ẹ̀yìnkùlé láti ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ wà níléèwé, òbí wà níbi iṣẹ́, ilé gbóná, tẹlifíṣọ̀n ń dá sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá fọwọ́ kan àwo, a ó ní, “Ẹ fi sílẹ̀, Mà, ẹ lọ sinmi.” Tí wọ́n bá mú ìgbálẹ̀, a ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìtọ́jú la pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ogójì ọdún roko, tó ná ọjà, tó sì tọ́ ọmọ márùn-ún dàgbà, irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ lè sú u débi tí yóò máa ka ọjọ́ tí bàálù yóò gbé e padà sílé.

Èrò tèmi ni pé ohun tó dára jù tí a lè ṣe fún wọn lásìkò yìí ni kí a fún wọn ní ilẹ̀ díẹ̀, kí àṣẹ ilẹ̀ náà sì wà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n sọ ohun tí a ó gbìn, kí wọ́n sọ ibi tí a ó gbìn ín sí, kí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó wà nílé sì jẹ́ ọmọ iṣẹ́ wọn. Mo mọ̀ pé ọmọ náà yóò ráhùn. Ẹ jẹ́ kó ráhùn, kó ṣáà wọ bàtà rẹ̀.

Ilẹ̀ náà kò ní láti tóbi. Igun kan lẹ́yìnkùlé ti tó. Ẹni tó ń gbé fláàtì lè lo ike ńlá mẹ́ta mẹ́rin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí oòrùn ń dé. Tí ẹ bá sì ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù fún allotment, ìyẹn ilẹ̀ ọ̀gbìn tí ará àdúgbò ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Òfin ọdún 1908 wà lára àwọn òfin tó gbé iṣẹ́ yìí lé káńsù lọ́wọ́. Odindi ilẹ̀ kan tó nǹkan bíi mítà 25 ní gígùn àti mítà 10 ní fífẹ̀, èyí tó pọ̀ jù fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ káńsù ló ń fúnni ní ìlàjì rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú ńlá mìíràn, ẹ lè dúró fún ọdún mélòó kan kó tó kàn yín, nítorí náà ẹ má fi ìkọ̀wé náà dọ̀la.

Ibi tí àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbà. Nílé, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, tí òórùn ilẹ̀ tútù bá gba afẹ́fẹ́, àgbẹ̀ kankan kì í jókòó sílé mọ́. Àgbàdo ń wọlẹ̀, ilá ń wọlẹ̀, ẹ̀fọ́ ń wọlẹ̀. Òjò ni wọ́n ti ń dúró dè láti ìgbà ọyẹ́. Ara Màmá kò tíì gbàgbé ìṣirò yẹn. Tí wọ́n bá wo ìta ní oṣù Kẹrin, tí wọ́n rí i pé oòrùn ń ràn, ilẹ̀ sì rọ̀, wọ́n á ní kí la tún ń dúró dè? Níbí, òjò kọ́ là ń retí. Òun kò tilẹ̀ lọ rí. Ooru ilẹ̀ là ń retí. Oòrùn oṣù Kẹrin lè ràn lọ́sàn-án bíi ti Ìbàdàn, kí ìrì dídì sì bọ́ lóru, kí gbogbo ewé ata tí ẹ gbìn dúdú kó rọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ewu yìí kì í sábà kọjá títí di àárín oṣù Karùn-ún. Ní àríwá àti ní Scotland, ó lè di ìparí oṣù náà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yín nìyẹn. Màmá Àgbà mọ ilẹ̀ jù yín lọ, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ojú ọjọ́ ibí, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín sì mọ̀ ọ́n. Lálaalẹ́, ẹ wo bí Met Office ṣe ní òru yóò ti tutù tó, kí ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná. Nígbà tí òru kò bá lọ sísàlẹ̀ 10°C mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ lọ sọ fún wọn pé ó ti yá. Ẹ má pariwo rẹ̀ láti inú yàrá yín o. Ẹ lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà, kí ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, òtútù ṣì máa bọ́ lálẹ́ òní.” Wọ́n á gbọ́.

Iṣẹ́ kò sì tán títí di ìgbà yẹn. Spinach tí ọ̀pọ̀ wa fi ń se ẹ̀fọ́ rírò níbí kò bẹ̀rù òtútù. Ẹni tó bá fọ́n hóró rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin á máa já a ní oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà. Àlùbọ́sà náà ń wọlẹ̀ nísinsìnyí. Àwọn ọmọ ilẹ̀ olóoru, ìyẹn ata rodo, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, nínú ike kéékèèké lójú fèrèsé tí oòrùn ń wọlé. Ata rodo ló gba sùúrù jù. Oṣù Kejì sí Kẹta ló yẹ kó ti wọlẹ̀, kì í sì í sábà pọ́n títí di oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án. Ẹni tí kò bá tíì gbìn ín, kó ra èyí tó ti hù. Ilá ń fẹ́ ilé gíláàsì. Iṣu, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ẹ tún ka oṣù. Físà àbẹ̀wò kì í sábà ju oṣù mẹ́fà lọ. Màmá tó dé ní oṣù Kìíní gbọ́dọ̀ padà ní oṣù Keje, ata rodo kò sì ní tíì pọ́n nígbà yẹn. Kò dáa kí ènìyàn máa bomi rin ohun tí kò ní í tọ́ wò. Irú Màmá bẹ́ẹ̀, tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ fún. Tó bá hù lójú fèrèsé ní àárín oṣù Kẹrin, tó sì bọ́ síta ní ìparí oṣù Karùn-ún, wọ́n lè ti máa já a kí oṣù Kẹfà tó parí, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn sè é fún yín kí wọ́n tó wọ bàálù.

Ẹ má sọ pé kí wọ́n di irúgbìn sínú báàgì bọ̀ láti ilé o. Ọ̀pọ̀ jùlọ irúgbìn tó bá wọ ilẹ̀ yìí láti Nàìjíríà ló gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé kò lárùn. Èyí tí kò bá ní in, wọ́n lè gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Kò tilẹ̀ sídìí fún un. Tẹ̀tẹ̀ wà lọ́jà níbí, callaloo tí àwọn ará Jàmáíkà ń pè é ló máa ń wà lára ìwé rẹ̀. Molokhia tí àwọn ará Íjíbítì ń jẹ, ewédú ni. Ṣọkọ yòkòtò náà wà, celosia ni wọ́n ń pè é, òdòdó ni wọ́n sì kà á sí. Ẹ fojú inú wo ojú Màmá nígbà tí wọ́n bá rí ẹ̀fọ́ nínú ìkòkò òdòdó lórí tábìlì àlejò! Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá tà bí òdòdó, ẹ má jẹ ẹ́, nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n lè ti fín sí i. Hóró ni kí ẹ rà.

Níbi hóró yìí ni Màmá ti di ọ̀gá. Hóró tẹ̀tẹ̀ kéré bí iyanrìn, nítorí náà wọ́n á pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn, kó má bàa dì sójú kan, wọn kò sì ní í bò ó jìn. Ti ewédú le lẹ́yìn. Àwọn ìyá wa á dì í sínú aṣọ, wọ́n á rì í bọ inú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan péré, wọ́n á sì sá a kó gbẹ. Ọmọ tó ń ka sáyẹ́ǹsì, kó gbin ogún hóró tó rí omi gbígbóná sínú ike kan, kó gbin ogún tí kò rí i sínú òmíràn, kó ka iye tó hù.

Ọ̀dọ́ náà ni kó kọ orúkọ ohun tí a gbìn sára igi pẹlẹbẹ, lédè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, kó sì kà á fún Màmá. Tẹ̀tẹ̀ ni ẹ̀fọ́. Tẹ́tẹ́ ni èyí tí ìjọ ní kí ẹ má ta. Tètè ni ohun tí Màmá ń sọ nígbà tí ẹ bá ń fi iṣẹ́ falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ koríko náà ń fẹ́ àlàyé. Nílé, àgbàlá tí koríko hù sí, ìtìjú ni, ejò sì lè sápamọ́ síbẹ̀. Níbí, àwọn aládùúgbò ń ra oúnjẹ fún koríko. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Plantlife tilẹ̀ ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má gé e rárá jálẹ̀ oṣù Karùn-ún, nítorí oyin àti òdòdó ìgbẹ́. Ẹ ṣàlàyé èyí fún Màmá kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lè padà dé kí ẹ bá gbogbo ẹ̀yìnkùlé ní fífá mọ́lẹ̀ bí orí ìkókó.

Èyí tó kàn kì í ṣe àwàdà. Ìdí daffodil tó wà nínú ilẹ̀ jọ àlùbọ́sà gan-an, májèlé sì ni. Ní ọdún 2015, àjọ tó ń rí sí ìlera ará ìlú kọ̀wé sí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n má pàtẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́ àti èso, nítorí àwọn kan ti ṣèèṣì jẹ ẹ́. Tí Màmá bá wú ohun tó jọ àlùbọ́sà nínú ilẹ̀, kí wọ́n fi hàn yín kó tó dé ilé ìdáná. Ti èsìsì yàtọ̀. Ó ń jóni bí ti ilé, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó kan ń wọ ìbọ̀wọ́ já ọ̀mùnú rẹ̀ nígbà ìrúwé, wọ́n á fi se ọbẹ̀. Tó bá ti bọ̀ nínú omi gbígbóná, kì í jóni mọ́.

Oòrùn pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀. Àwọ̀ dúdú ń gba àkókò púpọ̀ kí ara tó fi oòrùn ibí ṣe vitamin D, ìdí nìyẹn tí NHS fi ní kí àwa ro ti 10 microgram lóòjọ́ jálẹ̀ ọdún, kì í ṣe nígbà òtútù nìkan. Ẹ bi apòògùn, pàápàá tí Màmá bá ń lo oògùn mìíràn.

Ní oṣù Keje, tẹ̀tẹ̀ á pọ̀ ju ohun tí ilé lè jẹ. Ẹ kó o wá sí ilé ìjọsìn. Àwọn tó ń gbé fláàtì kò ní í kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi igi méjì sílẹ̀ láìjá títí ìgbà ìwọ́wé, kó so hóró tí ẹ ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Màmá lè ti padà sílé nígbà yẹn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ó dájú pé wọ́n á pe fóònù lójú ẹsẹ̀, láti bèèrè ìdí tí ẹ fi jẹ́ kó gbó.