Títa ẹ̀rọ mónógíráàmù àlòkù ní Accra: Kí ló yẹ kí aránṣọ gbé yẹ̀wò kó tó gba owó?

Owó cedi ilẹ̀ Ghana ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò retí ní ọdún 2025: ó gbérí. Dọ́là kan tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi cedi 15 ní oṣù Kẹrin ti wálẹ̀ sí cedi 10 àti díẹ̀ kí oṣù Karùn-ún tó parí.

Inú aráàlú dùn sí i. Àmọ́ fún aránṣọ tó ní ẹ̀rọ mónógíráàmù, ìyẹn ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà tó ń fi òwú ya ọnà sára aṣọ, tó sì ń gbèrò láti tà á, ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Iye cedi tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè mú wá ti já wálẹ̀.

Japan, China àti Jámánì ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí ti ń wá, tuntun tàbí tòkunbọ̀. Dọ́là ni oníṣòwò fi ń rà wọ́n, dọ́là náà ló sì ń darí iye wọn lọ́jà.

Ká ní ẹ̀rọ kan tó $4,000. Nígbà tí dọ́là wà ní cedi 15, cedi 60,000 nìyẹn. Bí dọ́là bá wà ní cedi 10.50, ó di cedi 42,000. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò dín, síbẹ̀ cedi 18,000 ti lọ.

Ta ló jèrè, ta ló pàdánù?

Ìdí tí onítọ̀hún fi fẹ́ ta ẹ̀rọ ni yóò sọ bóyá àsìkò ti tó.

Ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ olórí kan, èyí tó ń ya aṣọ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kó lè ra olórí mẹ́rin, kò pàdánù púpọ̀. Èyí tó fẹ́ rà náà ti wálẹ̀ lówó cedi.

Ẹni tó jẹ gbèsè cedi, tó fẹ́ fi owó ẹ̀rọ san án, ló fara gbá jù. Gbèsè rẹ̀ dúró sójú kan, ohun tó fẹ́ tà ló wálẹ̀.

Ní ti ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí Nàìjíríà, iye náírà tàbí dọ́là tó máa kù sí i lọ́wọ́ ló yẹ kó ṣírò. Iye cedi nìkan lè tàn án jẹ.

Kí ni ẹ̀rọ náà ń pa wọlé?

Kí èèyàn tó sọ pé ẹ̀rọ kò mú owó wá, ó yẹ kó mọ ohun tí agbára rẹ̀ ká.

Láti ya àmì iléeṣẹ́ sí àyà ẹ̀wù, abẹ́rẹ́ lè gún aṣọ tó ìgbà 8,000. Bí ẹ̀rọ bá ń gún ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 13 àti díẹ̀ nìyẹn. Bí a bá fi àkókò tí wọ́n fi ń pààrọ̀ férémù kún un, ẹ̀rọ olórí kan lè ṣe aṣọ mẹ́rin ní wákàtí kan, ìyẹn 32 ní wákàtí mẹ́jọ. Agbádá tí ọnà rẹ̀ kún dáadáa, tó gba ìgbà 100,000, lè gbà tó wákàtí mẹ́ta.

Iṣẹ́ kò ṣàjèjì sí Accra. Aṣọ iléèwé wà, aṣọ òṣìṣẹ́ báńkì àti òtẹ́ẹ̀lì wà, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin náà wà. Ọdún 2004 ni ìjọba Ààrẹ John Kufuor bẹ̀rẹ̀ ètò National Friday Wear, tó rọ àwọn òṣìṣẹ́ láti máa wọ aṣọ tí wọ́n ṣe nílé ní ọjọ́ Ẹtì. Fugu, aṣọ àríwá Ghana tí Kwame Nkrumah wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ òmìnira ní 1957, máa ń gba ọnà òwú lọ́rùn àti láyà.

Ìbéèrè tó kù ni pé ọjọ́ mélòó láàárín oṣù ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́. Kí onítọ̀hún kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta: iye aṣọ, owó tó wọlé, owó òwú, owó iná, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ẹni tó ń darí ẹ̀rọ. Oṣù kan tí ọjà kò yá kò tó fi ṣèdájọ́.

Ṣé ó ti gbó ni, àbí ó fẹ́ àtúnṣe?

Ẹ̀rọ tó ń já òwú ní gbogbo ìgbà máa ń sú olówó rẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tó ti kújú, òwú tí kò dára, tàbí ìkọ́ ìsàlẹ̀ tí kì í bá abẹ́rẹ́ pàdé lásìkò mọ́ ló fà á. Ẹni tó bá tà á bẹ́ẹ̀ yóò gba owó ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ẹni tó rà á yóò tún un ṣe ní owó táṣẹ́rẹ́.

Iná náà ń ṣe tirẹ̀. Láti nǹkan bíi ọdún 2012 ni àwọn ará Ghana ti sọ "dumsor", ọ̀rọ̀ Akan tó túmọ̀ sí pa á, tàn án, di orúkọ iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà mìíràn, stabilizer tó dára ni ẹ̀rọ ń fẹ́, kì í ṣe olówó tuntun.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí pátákó kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ bá ti kú, tí iléeṣẹ́ tó ṣe é kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ìyẹn kò ní dára sí i bó bá pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ̀rọ tó wà ní ìdúró

Ghana ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, Collateral Registry, lábẹ́ báńkì àpapọ̀ Bank of Ghana. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń yáni lówó ti ń forúkọ dúkìá tí wọ́n fi dúró fún gbèsè sílẹ̀, tó fi mọ́ ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ kan yáwó, kí olówó rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó yá a lówó kó tó tà á. Ẹni tó fẹ́ rà á náà lè ṣàyẹ̀wò níbẹ̀.

Ẹlòmíràn lè rò pé kí òun fi ẹ̀rọ yáwó dípò kí òun tà á. Kó wo èlé dáadáa. Bank of Ghana gbé èlé rẹ̀ sí 28% ní oṣù Kẹta 2025, ó sì já a wálẹ̀ sí 21.5% ní oṣù Kẹsàn-án. Èlé tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò kéékèèké sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbígbé e lọ sílé ńkọ́?

Iná Ghana àti ti Nàìjíríà jẹ́ 230 volt, nítorí náà ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Nima. Ojú ọ̀nà ni wàhálà wà. Ẹnubodè mẹ́ta ló wà láàárín Accra àti Èkó: Ghana sí Togo, Togo sí Benin, Benin sí Nàìjíríà. Ètò ECOWAS tó yọ owó ibodè kúrò, ọjà tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló wà fún. Ẹ̀rọ Japan tàbí China kò sí lára rẹ̀. Kí èèyàn fi owó ọkọ̀ àti owó aṣọ́bodè kún ìṣirò kó tó pinnu.

Ìkánjú kò bá ọjà mu

Yorùbá tó ti pẹ́ ní Ghana mọ ohun tí títà ní ìkánjú ń fà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gba ìwé tàbí kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ṣakí ló lọ, tí wọ́n sì ta ohun tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ kó jọ ní iye tí oníbàárà bá dá.

Kò sí ẹni tó ń lé aránṣọ òde òní bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, owó ilé tàbí owó iléèwé ọmọ lè mú kó ṣe bíi ẹni tí wọ́n ń lé.

Bí ìpinnu bá jẹ́ títà, kí oníbàárà fojú rí ẹ̀rọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Kó gbogbo férémù, ìwé tí wọ́n fi rà á àti kọ́kọ́rọ́ sọ́fítíwià rẹ̀ jọ, torí wọ́n ń fi kún iye rẹ̀. Àmì iléeṣẹ́ àwọn oníbàárà tó wà nínú rẹ̀, kó dà á kọ sí ibòmíràn, kó sì pa á rẹ́. Kí ẹ̀rọ má kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kí owó tó wọlé pátápátá.

Ẹ̀rọ tí iṣẹ́ kò wá bá, tí kò sì sẹ́ni tó lè tún un ṣe, ó sàn kó lọ kí eruku tó bò ó. Èyí tí iṣẹ́ ṣì ń wá bá, tó jẹ́ pé gbèsè oṣù kan péré ló fẹ́ gbé e lọ, ẹni tó bá tà á ti ta owó oṣù tó ń bọ̀ mọ́ ọn.