Fákáǹsì létí òkun: ibo ló yẹ ká dé sí?

Ẹ̀yin ará wa ní Tchaada àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn, bí iléèwé bá ti ń parí, ọ̀rọ̀ kan náà làwọn ọmọ máa ń bá òbí sọ: “Ẹ mú wa lọ sétí òkun.” Àwọn míì ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí èèyàn ṣe ń fi másìkì bojú, tó fi túbà sẹ́nu, tó dojú bolẹ̀ lórí omi tó ń wo ẹja. Àwọn náà fẹ́ ṣe irú ẹ̀. Kò burú. Àmọ́ kí ẹ tó sanwó yàrá, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ibi tí ẹ bá dé sí ló máa pinnu irú omi táwọn ọmọ máa wọ̀.

Irú òkun wo la ní?

Etí òkun Benin gùn tó nǹkan bí 120 kìlómítà, láti Kraké títí dé Hillacondji. Gbogbo ẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí erékùṣù kankan níwájú ẹ̀ tó lè gba ìgbì dúró. Ọ̀nà jíjìn ni ìgbì ti ń bọ̀, etí iyanrìn ló sì ti ń wó lulẹ̀ gbàà. Ohun tí àwọn Faransé ń pè ní la barre nìyẹn. Agbára ẹ̀ pọ̀ débi pé, kí wọ́n tó ṣí èbúté Kútọnu ní 1965, ọkọ̀ òkun ńlá kì í lè sún mọ́ ilẹ̀.

Ewu méjì míì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ilẹ̀ abẹ́ omi máa ń jìn lójijì: ẹ gbẹ́sẹ̀ díẹ̀, omi dé orúnkún; ẹ tún gbé díẹ̀ sí i, ó ti bo orí ọmọdé. Ìkejì, omi tí ìgbì gbé wá gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń rí ojú ọ̀nà kan gbà padà sí agbami. Ẹni tó bá bọ́ sójú ọ̀nà yẹn, omi á wọ́ ọ lọ, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó.

Ìgbà tí ẹ máa lọ tún ṣe pàtàkì. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án tí fákáǹsì ńlá bọ́ sí, ìgbà yẹn gan-an ni ìgbì máa ń le jù, omi á tún tutù. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Láti oṣù kejìlá dé oṣù kẹta, ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀, omi á sì mọ́ díẹ̀ sí i. Fákáǹsì Kérésì dára jù nìyẹn.

Ibi tí èèyàn lè dé sí

*Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu.* Ibẹ̀ ló sún mọ́ wa jù, ẹ lè lọ kí ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ lọ gba atẹ́gùn, ẹ jẹ ẹja yíyan ní Fidjrossè, àmọ́ ẹ má wẹ̀. Ní ìhà ìlà-oòrùn èbúté, òkun ń jẹ ilẹ̀, ìjọba sì ti to òkúta wọ inú omi láti dá a dúró. Ẹ má sún mọ́ òkúta yẹn, omi máa ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ sí agbami.

*Ouidah.* Ó tó 40 kìlómítà sí Kútọnu. Ìlú fúnra ẹ̀ jìnnà sí òkun tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin, nítorí náà, ọmọ kékeré kò lè yọ́ lọ síbẹ̀ tí ẹ bá ń sùn lọ́sàn-án. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ kí ọmọ mọ ìtàn òwò ẹrú: ẹ tọ ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà dé Porte du Non-Retour.

*Grand-Popo.* Òkun wà lápá kan, odò Mónò àti ọ̀sà wà lápá kejì. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo Bouche du Roy, níbi tí odò ti pàdé òkun. Etí ọ̀sà ni kí ẹ ti wẹ̀, ẹ má ṣe wẹ̀ ní ẹnu odò.

*Possotomè.* Kì í ṣe etí òkun. Adágún Ahémé ló wà níbẹ̀, ìlú tí ẹ mọ orúkọ ẹ̀ lára ìgò omi ni. Omi ibẹ̀ pẹ̀lẹ́. Tí ọmọ kò bá tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀, ibẹ̀ la fọwọ́ sí.

*Avépozo, ní ìlà-oòrùn Lomé.* Tó bá jẹ́ pé másìkì àti túbà lẹ torí ẹ̀ lọ, ibí ló sún mọ́ wa jù. Ní Coco Beach, àpáta kan tẹ́ lọ gbọọrọ lábẹ́ omi, ó ń fọ́ ìgbì kó tó dé iyanrìn. Ẹ mú bàtà dání torí àpáta máa ń gé ẹsẹ̀, ẹ má sì kọjá àpáta yẹn láé. Ẹ má gbàgbé káàdì ìdánimọ̀ fún bodè Hillacondji.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ bi onílé ìtura pé: “Ibo làwọn ọmọ ti ń wẹ̀? Ta ló ń ṣọ́ wọn?” Bí kò bá rí èsì gidi fọ̀, ẹ wá ibòmíì. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bi àwọn apẹja léèrè bí omi ṣe rí lọ́jọ́ náà. Kí àgbà kan tí kò mutí máa ka àwọn ọmọ.

Bí omi bá wọ́ yín, ẹ má bá a jà. Ẹ léfòó, ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ ké. Ẹ má dojú kọ ilẹ̀; ẹ wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó bá etí òkun dọ́gba, títí ẹ ó fi kúrò lójú ọ̀nà omi náà, kí ẹ tó yà sí ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ni omi gbé, ẹ má kàn bẹ́ tẹ̀ lé e, kó má lọ di òkú méjì. Ẹ ju bídọ̀n òfìfo tí ẹ ti dé pa sí i kó dì í mú, kí ẹ sì sáré pe apẹja. Torí náà, ẹ mú bídọ̀n àti okùn láti ilé.