Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé àgbẹ̀ ló gbé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ dé ìpàdé ojú ọjọ́ àgbáyé

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní ọgbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní sí Èjìgbò. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà àyíká lè rò pé kò sí tòun níbẹ̀. Kó wo Adenike Oladosu ná, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó múlé gbe wá.

Kì í ṣe ìmọ̀ àyíká ló kà. Ètò ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Makurdi, ó sì jáde ní ipò kìíní. Ibẹ̀ ló ti rí omíyalé, tó tún rí àgbẹ̀ àti darandaran tó ń jà sí ilẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ ìṣirò oko yóò fẹ́ mọ ẹni tí gbèsè máa já lé lórí bí òjò bá kọ̀.

Ó dá àjọ I Lead Climate sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó gbé ìwọ́de ọjọ́ Ẹtì tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe nítorí ojú ọjọ́ wọ Nàìjíríà. Lọ́dún 2019, ó sọ̀rọ̀ ní COP25, ìpàdé ojú ọjọ́ àgbáyé, ní Madrid. BBC fi í sára ọgọ́rùn-ún obìnrin wọn ti 2024. Àmì ẹ̀yẹ dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Adágún Chad tó gbé dání ló wù mí jù.

Ní ọdún 1960 sí 1969, adágún náà fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà níbùú lóòró. Nígbà tí ọ̀dá ọdún 1970 sí 1985 fi máa ṣe tán, kò tó 2,000 mọ́. Omi rẹ̀ kò jìn: bó bá fà díẹ̀, ilẹ̀ tó máa hàn síta á lọ súà. Odò Chari àti Logone ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ wá, nítorí náà òjò tó bá kọ̀ ní Central African Republic, apẹja Borno létí adágún ló ń jìyà rẹ̀. Àwòrán sátẹ́láìtì fi hàn pé omi ti padà díẹ̀ látìgbà náà. Àwọn tó ń pariwo pé adágún ń gbẹ tán ń sọ àsọdùn.

Oladosu tẹnu mọ́ ọn pé obìnrin ni ìyà náà ń kọ́kọ́ bà. Ẹni tó ń roko lórí ilẹ̀ tí kò sí lórúkọ rẹ̀ kò ní ohun tó lè fi yáwó tún bẹ̀rẹ̀.