Ìwé Ìdílé Tí St Mark's Fi Ń Ṣọ́ Ìfun Ọmọdé

Bí ọmọdé bá ní inú ń run òun, ta ni yóò kọ́kọ́ ro jẹjẹrẹ sí i? Aràn ni wọ́n á pè é, tàbí àpẹ́ńdíìsì. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn ò jẹ̀bi, nítorí jẹjẹrẹ ìfun ńlá kì í sábà mú ọmọdé: bí ọmọ kan nínú mílíọ̀nù kan ni lọ́dún. Àìwọ́pọ̀ rẹ̀ yìí ló ń dá kún ọ̀ràn. Kí ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ àti rírù ọmọ tó mú dókítà fura, ó lè ti tàn ká.

Ilé ìwòsàn St Mark's ní Lọ́ńdọ̀nù gba ibòmíràn yọ sí i. Ní 1924, oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀, J. P. Lockhart-Mummery, àti Cuthbert Dukes, tó ń fi máíkírósíkóòpù yẹ ẹran ara wò, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn ìdílé tí kókó wẹ́wẹ́ ń hù lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún nínú ìfun ńlá wọn. H. J. R. Bussey, olùrànlọ́wọ́ Dukes, tí kì í ṣe dókítà, ló di ìwé náà mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ akọ̀wé pọ́ńbélé ni: ta ni bàbá, àbúrò wo ló kú, ọmọ ọdún mélòó, kí ló pa á? Nínú irú àwòrán ìdílé bẹ́ẹ̀, ọkùnrin a máa jẹ́ onígun mẹ́rin, obìnrin a jẹ́ róbótó, wọ́n á sì kun ẹni tí àrùn bá mú ní dúdú.

Kì í ṣe iṣẹ́ tí ìwé ìròyìn ń gbé sójú ewé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń gba ọmọ là. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kan ní àrùn kókó náà lè jogún rẹ̀, ó sì lè má jogún rẹ̀, ọgbọọgba ni. Bí ẹni tó jogún rẹ̀ kò bá gba ìtọ́jú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kókó náà yóò di jẹjẹrẹ, nígbà púpọ̀ kó tó pé ogójì ọdún.

Ní 1991 ni wọ́n rí jíìnì APC, tí àyípadà rẹ̀ ń fa àrùn náà. Látìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti tó láti mọ ọmọ tó jogún rẹ̀. Èyí tí kò jogún rẹ̀ bọ́ nìyẹn. Èkejì, bó bá ti tó ọmọ ọdún 12 sí 14, wọ́n á máa ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ìdí wo ìfun rẹ̀ látìgbàdégbà. Bí kókó bá pọ̀ jù, wọ́n á gé ìfun ńlá náà kúrò, nígbà púpọ̀ ní ìparí ọdún ọ̀dọ́. Wọ́n sì máa ń wo ìdánwò ilé ìwé kí wọ́n tó mú ọjọ́.

Síbẹ̀, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tó ní àrùn yìí ni kò ní ẹbí kankan tó ní in ṣáájú. Ara tirẹ̀ ni jíìnì náà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Ìwé ìdílé kò lè ṣọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, dókítà ojú tó rí àbàwọ́n dúdú nínú ẹyinjú, tàbí dókítà eyín tó rí eyín tó ju iye tó yẹ lọ, ló máa ń kọ́kọ́ fura.