Ìṣẹ̀dá túùbù iṣan-ọpọlọ

Ìṣẹ̀dá túùbù iṣan-ọpọlọ ni ìgbésẹ̀ tí pẹpẹ sẹ́ẹ̀lì kan ní ẹ̀yìn ọlẹ̀ fi ń ká jọ di túùbù, èyí tí ọpọlọ àti múdùnmúdùn ọ̀pá-ẹ̀yìn ti ń jáde. Ó jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì bí ìyípadà ìrísí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ ẹ̀yà ara. Nínú ènìyàn, ó ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí àtọ̀ bá pàdé ẹyin, ó sì ń parí ní nǹkan bí ọjọ́ 28, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn ti lóyún.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Àwọn sẹ́ẹ̀lì pẹpẹ náà kọ́kọ́ ń ga bí òpó. Ní ibi tí pẹpẹ yóò ti ṣẹ́ po, orí sẹ́ẹ̀lì ń fún, ìdí rẹ̀ sì ń fẹ̀. Fọ́nrán purotéènì actin ni ó yí orí náà ká. Purotéènì myosin sì ń fà á jọ, bí okùn ṣe ń fún ẹnu ṣòkòtò. Níwọ̀n bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ti so mọ́ ara wọn, pẹpẹ náà ń tẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì ń dìde, wọ́n ń pàdé, wọ́n sì ń lẹ̀ pọ̀. Lákòókò kan náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì ń wọ àárín ara wọn, kí pẹpẹ lè gùn kí ó sì tín-ín-rín. Bí èyí kò bá ṣẹlẹ̀, etí méjèèjì yóò jìnnà jù láti pàdé.

Ìwádìí

Ní ọdún 1947, Warren Lewis fi idẹ àti okùn rọ́bà ṣe àwòṣe tí ó fi hàn pé ìfúnpọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan tó láti tẹ ìlà tí ó tọ́. Ní ọdún 1999, Jeffrey Hildebrand àti Philippe Soriano ṣàpèjúwe jíìnì Shroom nínú eku. Bí kò bá ṣiṣẹ́, etí pẹpẹ ń ṣubú síta bí olú. Láti ara orúkọ olú lédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti fún un ní orúkọ.

Àbùkù àti ìdènà

Bí apá òkè túùbù kò bá tì, ọpọlọ àti agbárí kì í dá pé, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́ láyé. Bí ó bá jẹ́ apá ìsàlẹ̀ ni, ọ̀pá-ẹ̀yìn yóò là sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí spina bifida. Ó lè rọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Ìwádìí tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì darí, tí ó jáde ní ọdún 1991, fi hàn pé folic acid dín àbùkù yìí kù ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn ìyá tí wọ́n ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. A ń gba àwọn obìnrin tí wọ́n lè lóyún níyànjú láti máa lo 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́, kí oyún tó dé, nítorí pé túùbù náà kì í dúró de ìgbà tí ìyá bá mọ̀.