Bí a ṣe ń dá ìwé ìròyìn àwọn tó ń wo ìràwọ̀ sílẹ̀

 

Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa irú ìwé ìròyìn kan. Kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe ti ọjà. Ìwé ìròyìn àwọn tó fẹ́ràn láti máa wo ojú ọ̀run ni: oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀. Wíwo ìràwọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Àgbẹ̀ ni ẹlòmíràn, aránṣọ ni ẹlòmíràn, olùkọ́ ni ẹlòmíràn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí iṣẹ́ bá tán, wọn a gbé ojú sókè, wọn a máa wò ó, nítorí pé ó wù wọ́n.

Ẹ lè bi mí pé: "Kí ló kàn wá níbẹ̀?" Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa dáhùn.

Ohun tí a rí, tí a kò kọ

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, òṣùpá wá dúró láàárín oòrùn àti ilẹ̀ ayé. Òjìji rẹ̀ bọ́ sórí ilẹ̀. Ó ti ojú òkun wọ Ghana, ó gba Togo, ó la àárín Benin kọjá, ó wọ Nàìjíríà, ó sì lọ sí Niger. Ago 10 òwúrọ̀ kọjá díẹ̀ ni. Ní Savè, ọ̀sán di òru fún ìṣẹ́jú tó lé ní 3. Ní Porto-Novo, òṣùpá kò bo oòrùn tán.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rí ọjọ́ náà. Ọmọ ilé ìwé ni mí nígbà yẹn. Mo rántí pé àwọn adìẹ ń wá ibi tí wọn yóò sùn.

Ní oṣù tó kọjá, a dárúkọ ọjọ́ yìí ní kíláàsì. Bàbá kan sọ pé òkùnkùn náà tó wákàtí kan. Ìyá kan ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní omi tí òun gbé kaná kò tíì hó tí ìmọ́lẹ̀ fi padà. Ohùn wọn ròkè, ó kù díẹ̀ kí ó di ìjà. Mo wá béèrè pé: "Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?" Kò sí ẹnì kankan. Èmi náà tí mo ti mọ ìwé kọ nígbà náà, n kò kọ ọ́.

Ká ní ẹni 5 péré ti kọ ọjọ́, wákàtí àti ohun tí wọ́n rí sínú ìwé kan ni, àríyànjiyàn náà kì bá tí sí. Ohun tí ojú rí tí ọwọ́ kò kọ, bí ẹni tó rí i bá kú, ó bá a lọ sínú ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn kan fi dá ìwé ìròyìn ojú ọ̀run sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé

Ní ọdún 1842, a bí ọmọkùnrin kan ní ilẹ̀ Faransé. Orúkọ rẹ̀ ni Camille Flammarion. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe olówó. Nígbà tí ó dé Paris, ó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ọ̀sán, ó sì ń kàwé ní alẹ́, bí ẹ̀yin náà ti ń ṣe. Ní ọdún 1858, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, wọ́n gbà á sí ilé ńlá tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ ní Paris. Iṣẹ́ ìṣirò ni wọ́n fún un.

Ní ọdún 1880, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa ojú ọ̀run. Ó kọ ọ́ ní èdè tó rọrùn, kí gbogbo ènìyàn lè yé e. Ó lé ní 100,000 tí àwọn ènìyàn rà. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1882, ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tí ń jáde lóṣooṣù. L'Astronomie ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: ó kọ́kọ́ ní àwọn òǹkàwé ná, kí ó tó dá ìwé ìròyìn sílẹ̀. Kò tẹ ìwé tán kí ó tó máa wá ẹni tí yóò kà á.

Ní ọdún 1887, ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ojú ọ̀run. Nígbà tó yá, ìwé ìròyìn náà di ti ẹgbẹ́. Flammarion kú ní ọdún 1925. Ìwé ìròyìn náà kò bá a kú. Títí di òní, ẹgbẹ́ náà ṣì ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ló fà á? Ẹnì kan ló gbìn ín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń bomi rin ín.

Tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn kékeré 2 wà nípa ojú ọ̀run. Ọ̀kan ń jẹ́ The Sky, èkejì ń jẹ́ The Telescope. Ọkùnrin kan, Charles Federer, àti ìyàwó rẹ̀, Helen, sọ méjèèjì di ọ̀kan ní ọdún 1941. Oṣù kọkànlá ni ó kọ́kọ́ jáde. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé. Ìgbà náà le, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn náà là á já. Ó ṣì ń jáde. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Kí ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀?

Ohun àkọ́kọ́ ni àlàyé ohun tí a ń rí. Ẹ mú Àgùàlà fún àpẹẹrẹ. Àwọn kan ń pè é ní ajá òṣùpá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣùpá ni ó ń tẹ̀ lé. Ó ń yí oòrùn ká, bí ilẹ̀ ayé wa ti ń yí i ká. Ọjọ́ 225 ni ó fi ń yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Nígbà mìíràn a ó rí i ní ìrọ̀lẹ́, nígbà mìíràn ní ìdájí. Ọ̀kan náà ni, kì í ṣe méjì.

Ohun kejì ni ìròyìn ohun tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí òṣùpá bá lé títí di ìgbà tí òmíràn yóò lé, ó ń gba ọjọ́ 29 àti ààbọ̀. Nítorí náà, àwọn tó ń wo òṣùpá láti gba ààwẹ̀ mọ̀ pé oṣù a máa jẹ́ ọjọ́ 29 tàbí 30.

Ohun kẹta ni lẹ́tà àwọn òǹkàwé. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Láti ọdún 1911, ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń kó ìròyìn jọ nípa àwọn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń pọ̀ tí ó sì ń dín. Àwọn tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé ìràwọ̀ ló ń kọ púpọ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń lò ó, nítorí pé ojú tiwọn nìkan kò lè tó gbogbo ìràwọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ká sọ pé a tẹ ìwé 100, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ná wa ní 50 fráǹ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5,000 fráǹ. A ń tà á ní 75 fráǹ. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà, a ó rí 7,500 fráǹ. Bí 60 péré bá tà, 4,500 fráǹ ni a ó rí. A ti jẹ gbèsè 500 fráǹ nìyẹn. Nítorí náà, kí a kọ orúkọ àwọn tí yóò rà á, kí a sì gba owó wọn, kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Tiwa ní Bétérou

Àwa kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé 100. Ìwé kan ṣoṣo ni, tí a ó lẹ̀ mọ́ ara ògiri kíláàsì lóṣooṣù. Ẹni tó bá rí nǹkan yóò kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tó wà, àti ohun tó rí. Ẹni tí kò tíì lè kọ, kí ó sọ ọ́, kí ẹlòmíràn bá a kọ ọ́. Àwọn Bàrùbá àti àwọn Fúlàní tí a jọ ń gbé náà mọ ìràwọ̀. Kí wọ́n sọ orúkọ tí wọ́n ń pè é fún wa. Ojú lásán tó fún wa láti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ojú lásán wo oòrùn láé. Ó ń fọ́ ojú.

Ẹ̀yin náà mọ àwọn tó kọ́ ìwé pẹ̀lú wa, tí wọ́n sì ti gbàgbé lẹ́tà, nítorí pé wọn kò rí nǹkan kà. Ìwé ògiri yìí yóò fún wọn ní ohun kíkà. Ṣùgbọ́n bí èmi nìkan bá ń kọ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé mi lọ sí ibòmíràn ni yóò kú. Mo ń wá ẹni 3 tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹ jíròrò èyí ní kíláàsì:
1. Kí ni ẹ rántí nípa ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
2. Kí ló dé tí ìwé ìròyìn Flammarion kò bá a kú?
3. Ta ni yóò kọ ìwé ògiri ti oṣù tó ń bọ̀?

Ó dàbọ̀ o. Bí ẹ bá jáde ní alẹ́ òní, ẹ gbé ojú sókè.